Ohun tójú JAMB rí lọ́dún 2025: Ẹ̀kọ́ ńlá fáwọn oníṣòwò Ìjagun tó fẹ́ẹ́ gbé ìṣirò wọn sórí kọ̀ǹpútà

Lọ́jọ́rú, Wẹ́sìdeè, ọjọ́ 14, oṣù karùn-ún, ọdún 2025, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn tó jẹ́ ọ̀gá àgbà àjọ JAMB lásìkò náà, jókòó síwájú àwọn oníròyìn l'Ábùjá. Bó ti ń sọ̀rọ̀ lọ ni omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Àgbà ọkùnrin náà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ṣèdánwò àtàwọn òbí wọn. Ọmọ 379,997 lọ̀rọ̀ náà kàn. Ibùdó 157 ni wọ́n ti ṣèdánwò ọ̀hún, 65 nínú ẹ̀ wà ní ẹkùn Èkó, 92 wà láwọn ìpínlẹ̀ márààrún ilẹ̀ Ìgbò. Èsì tí wọ́n fún wọn kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣe, àfi kí wọ́n tún un ṣe láti ọjọ́ 16, oṣù yẹn kan náà.

Kì í ṣe pé wọ́n jí ìbéèrè tà, kì í sì í ṣe pé iná lọ. Sọ́fúwíà ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Lọ́dún náà, JAMB yí bí wọ́n ṣe ń ṣe ìdánwò padà díẹ̀. Wọ́n ní kí ẹ̀rọ máa da ìbéèrè rú, kó sì máa da àwọn ìdáhùn náà rú pẹ̀lú, káwọn ọmọ má baà rí ara wọn wò. Ọgbọ́n tó dáa ni. Ká ní ìdáhùn tó tọ́ wà níbi “B” fún ọmọ kan, ó lè wà níbi “D” fún ẹni tó jókòó tì í. Ẹ̀rọ tó bá máa máàkì irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan wà lójú ọmọ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni wọ́n fi ṣe àtúnṣe sí sọ́fúwíà wọn. Wọ́n fi àtúnṣe náà sórí àwọn sáfà tó wà fún apá Kàdúná, ó sì ṣiṣẹ́. Àmọ́ wọn ò fi í sórí àwọn sáfà apá Èkó, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún Èkó àti ilẹ̀ Ìgbò. Ìjókòó ìdánwò 17 ló ti kọjá kí wọ́n tó rí i pé nǹkan kan kò sí níbi tó yẹ kó wà. Nígbà tí èsì jáde, táwọn òbí ń pariwo, ni wọ́n tó pe àwọn onímọ̀ jọ láti wá wo ìdí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa o. Àwọn tó kọ sọ́fúwíà yẹn kọ ọ́ dáadáa. Ẹni tó yẹ kó lọ wo ẹ̀yìn iṣẹ́, kó rìn yí gbogbo sáfà ká, kó sì fi ọmọ bíi mẹ́wàá dán an wò kí ìdánwò gan-an tó bẹ̀rẹ̀, òun ni kò sí. Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ l'Amẹ́ríkà rí. Lọ́jọ́ kìíní, oṣù kẹjọ, ọdún 2012, ilé-iṣẹ́ Knight Capital tó ń ra ìpín-ìdókòwò tó sì ń tà á gbé sọ́fúwíà tuntun jáde. Sáfà mẹ́jọ ni wọ́n ní, méje ni wọ́n fi sọ́fúwíà náà sí, wọ́n gbàgbé ọ̀kan. Ọ̀kan ṣoṣo yẹn ń ra ọjà, ó ń ta ọjà bí ẹni orí ẹ̀ dàrú. Láàárín ìṣẹ́jú 45, owó tó lé ní $400 mílíọ̀nù ti wọgbó. Ilé-iṣẹ́ náà kò dá dúró mọ́ lẹ́yìn ẹ̀, àwọn mí-ìn ló wá gbà á.

Kí ló wá kan ẹni tó ń ta sìmẹ́ǹtì ní Ìjagun nínú èyí?

Ó kàn án gan-an ni. Láti ọdún 2005 tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ti dá Yunifásítì Táí Ṣólàrín sílẹ̀ sí Ìjagun, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, tó jẹ́ yunifásítì ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, títí dọdún 2025 tíjọba àpapọ̀ gbà á sọ́wọ́, ìlú náà kò rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá pọ̀ sí, ilé tí wọ́n máa gbé ń dìde, olóúnjẹ, ọlọ́jà fóònù, onífọ́tòkọ́pì àti ẹni tó ń ta ohun ìkọ́lé sì ní láti wà níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà náà kò jókòó lásán. Ọmọ tó wá ra bíbà lánàá lè wá lónìí, kó ní, “Mọ́mì, mo lè ṣe sọ́fúwíà tẹ́ ẹ máa fi máa mọ gbogbo ọjà tẹ́ ẹ tà lóòjọ́. Fóònù yín lẹ máa fi wò ó, kódà bẹ́ ẹ bá wà l'Ékòó.”

Ohun tó dáa ni. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló ń pàdánù owó torí pé ìwé ìṣirò wọn kò yé ẹnikẹ́ni ju àwọn fúnra wọn lọ, ìgbà mí-ìn sì wà tí kì í yé àwọn náà. Àmọ́ kíkọ́ sọ́fúwíà kò yàtọ̀ sí kíkọ́ ilé, ewu tó wà níbẹ̀ kò sì kéré. Lọ́dún 1994, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kan l'Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Standish Group gbé ìròyìn kan jáde: nínú iṣẹ́ sọ́fúwíà 100 tí wọ́n yẹ̀ wò, nǹkan bíi 16 péré ló parí sásìkò, tí owó rẹ̀ kò kọjá iye tí wọ́n dá fún un, tó sì ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Nǹkan bíi 31 ni wọ́n pa tì pátápátá. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ní ẹ̀ńjíníà nìyẹn o.

Ká wá fojú inú wo ìyálọ́jà kan tó ń ta ohun ìkọ́lé lójú ọ̀nà yẹn. Ó ń ta sìmẹ́ǹtì, ọ̀pá irin, páànù, ìṣó àti ọ̀dà. Ó ti gbà fún ọmọ náà, ₦400,000 sì ni wọ́n jọ fẹnu kò sí. Àṣìṣe àkọ́kọ́ tó lè ṣe ni kó kó gbogbo owó náà fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá kan náà yìí kò jẹ́ dán irú ẹ̀ wò fún bíríkìlà. Gbogbo Ìjẹ̀bú ló mọ bí wọ́n ṣe ń sanwó ilé: owó ìpìlẹ̀ ọ̀tọ̀, bó bá dé lẹ́ńtù, owó mí-ìn, bí wọ́n bá kanlé, owó mí-ìn. Tó bá sì di ọjọ́ ìkanlé, onílé á wà níbẹ̀, á gbójú sókè wo pákó, á béèrè bó ṣe jẹ́. Bí sọ́fúwíà náà ṣe yẹ kó rí nìyẹn. ₦100,000 láti bẹ̀rẹ̀. Òmíràn nígbà tí apá tó le jù bá ṣiṣẹ́ lójú ìyá náà. Òmíràn nígbà tí wọ́n bá lò ó nínú ṣọ́ọ̀bù fún oṣù kan. Èyí tó kù di ìgbà tí wọ́n bá ti kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ gbogbo lé e lọ́wọ́.

“Apá tó le jù” yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń kọ sọ́fúwíà ló jẹ́ pé ohun tó rẹwà ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe. Wọ́n á kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù sókè gàdàgbà, wọ́n á fi fọ́tò ìyá oníṣọ́ọ̀bù sí i, inú ìyá náà á dùn, á sì yọwó. Barry Boehm, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ọmọ Amẹ́ríkà kan, ti wí i láti bíi ogójì ọdún sẹ́yìn pé bẹ́ẹ̀ kọ́: ibi tí ewu iṣẹ́ náà bá pọ̀ sí jù ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, nítorí tí kò bá ní í ṣeé ṣe, kó yáa hàn nígbà tí owó kò tíì tán.

Níbo ni ewu wà nínú ìṣòwò ohun ìkọ́lé? Kì í ṣe nínú orúkọ gàdàgbà. Ó wà nínú òṣùwọ̀n, ó sì wà nínú àwìn. Kọngílá ra ọ̀pá irin ní tọ́ọ̀nù, ẹlòmíràn ra ọ̀pá mẹ́ta. Ẹnì kan ra odindi àpò ìṣó, ẹlòmíràn ní kí wọ́n wọn kílò méjì. Ẹnì kan san ìdajì owó páànù, ó ní òun máa san èyí tó kù lópin oṣù, ó kó 20 lọ, ó fi 30 sílẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀mí-ìn wá dá ọ̀dà padà pé kì í ṣe àwọ̀ tóun fẹ́. Bí sọ́fúwíà náà kò bá mọ bó ṣe máa ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí, kò sí ohun tó fẹ́ẹ́ ṣe fún ìyá yẹn. Nítorí náà, kó tó di pé ọmọ náà tẹ lẹ́tà kan sórí kọ̀ǹpútà, ó yẹ kó wá jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, kó máa wo bí wọ́n ṣe ń tajà. Èyí tó bá ní òun ò nílò ìyẹn, pé òun ti mọ gbogbo ẹ̀, kí wọ́n fura sí i.

Ìyá oníṣọ́ọ̀bù náà ní ẹ̀bi tiẹ̀ o. Lónìí, ó ní kó máa ka ọjà. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ní kó máa ṣírò owó oṣù àwọn ọmọ iṣẹ́. Lọ́sẹ̀ kẹta, àbúrò ẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní kó jẹ́ kí wọ́n lè máa ra ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Owó kò kún, àsìkò kò kún, iṣẹ́ ló ń wú bí ẹ̀kọ gbígbóná. Ibi tí iṣẹ́ púpọ̀ ti ń dàrú nìyẹn, àwọn méjèèjì á sì máa pe ara wọn ní ọ̀dàlẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ṣe kò ju ìwé pélébé kan lọ, kí wọ́n kọ ohun tí sọ́fúwíà náà máa ṣe síbẹ̀, kí wọ́n sì kọ ohun tí kò ní í ṣe síbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tuntun tó bá délẹ̀ lẹ́yìn náà, owó ọ̀tọ̀, àsìkò ọ̀tọ̀.

Ewu kan tún wà tó jẹ́ ti Ìjagun gan-an, tó jẹ́ ti ìlú akẹ́kọ̀ọ́ gbogbo. Ọmọ tó wà ní ọdún kẹrin lónìí máa di àgùnbánirọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n sì lè gbé e lọ sí Sókótó. Bí kò bá lọ sìnrúùlú, ó lè ríṣẹ́ l'Ékòó, ó sì lè bá ẹsẹ̀ ẹ̀ sọ̀rọ̀ gba òkè òkun lọ. Kò ṣẹ̀, ayé ẹ̀ ló ń lé. Àmọ́ bó bá jẹ́ òun nìkan ló mọ pásíwọ́ọ̀dù, tó jẹ́ orúkọ ẹ̀ ni wọ́n fi forúkọ ìkànnì náà sílẹ̀, tó jẹ́ inú kọ̀ǹpútà ẹ̀ nìkan ni kóòdù náà wà, a jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù ìyá náà ti bá a lọ nìyẹn. Òfin pàápàá kò dá ìyá náà láre bó ṣe máa rò ó. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní Copyright Act 2022, ẹni tó kọ iṣẹ́ lẹ́ni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́ ló kọ́kọ́ ni ẹ̀tọ́ sí i. Owó tí ìyá náà san nìkan kò sọ ọ́ di tiẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé àdéhùn pé ó di tiẹ̀. Kí orúkọ ìkànnì, nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì tí wọ́n fi ṣí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ti ìyá náà láti ọjọ́ kìíní. Kó gba kóòdù náà sínú fláàṣì, kó sì pe ọmọ mí-ìn tó mọ iṣẹ́ náà, kó fún un ní owó díẹ̀, kó bá a wò ó bóyá òun náà lè tún un ṣe bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá sí nílé. Àwọn kan máa ní ìyẹn dà bí àìgbẹ́kẹ̀lé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àtẹni tó ṣiṣẹ́ dáadáa àtẹni tó sanwó ni ìwé ń gbà.

Nígbà tó bá wá kù díẹ̀ kí iṣẹ́ parí, ọmọ náà á wá, á ní, “Mọ́mì, ó ti ṣe tán o, ẹ kàn máa lò ó ni.” Ọjọ́ yẹn ló léwu jù. Ọjọ́ tí wọ́n pa èyí tí wọ́n ń lò tì, tí wọ́n gbé tuntun sójú iṣẹ́, ni ojú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti máa ń rí màbo. Láàárín oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá ọdún 2024, àwọn báńkì bíi Sterling, Zenith àti GTBank pààrọ̀ sọ́fúwíà tí gbogbo iṣẹ́ wọn dúró lé lórí, ọ̀pọ̀ oníbàárà wọn ni kò sì rí owó fi ránṣẹ́ bó ṣe yẹ fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn ọlọ́jà kò tíì gbàgbé. Oníbàárà á ní òun ti fowó ránṣẹ́, álátì kò ní í wọlé, ọjà á wà lórí ọkọ̀, wọ́n á sì máa wo ara wọn lójú.

Kí ìyálọ́jà yìí má fi ọ̀sẹ̀ Iléyá bẹ̀rẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú, ọ̀sẹ̀ Iléyá ni ọ̀sẹ̀ Ojúde Ọba, àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà nílé lóko á ti wálé, àwọn tó ń parí ilé wọn lápàpàǹdodo á ti máa sáré ra ọ̀dà. Kí ó má fi oṣù Kejìlá bẹ̀rẹ̀ bákan náà. Ìgbà táwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá wà ní ìsinmi, tí ọjà falẹ̀, ló dáa jù. Kó sì má gbé gbogbo ṣọ́ọ̀bù sórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kó fi ọ̀dà nìkan bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀dà bá lọ déédéé, kó kan ìṣó, kó kan páànù. Ọ̀pá irin àti sìmẹ́ǹtì, ibi tí owó ńlá wà, ni kó gbẹ̀yìn.

Kí wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ fi ìyà jẹ sọ́fúwíà náà. Kí wọ́n ta ọjà tí kò sí nílẹ̀, kí wọ́n wo ohun tó máa sọ. Kí wọ́n tẹ 200 níbi tó yẹ kí wọ́n tẹ 20. Kí wọ́n pa iná láàárín ìtajà, nítorí àwọn oníná kò ní í bi ìyá náà kí wọ́n tó mú un lọ, kí wọ́n sì wò ó bóyá ọjà tí wọ́n ń tà lọ́wọ́ wọlé àbí kò wọlé, àbí ó wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Kí íntánẹ́ẹ̀tì má sí. Kí ẹni tó ń tajà gan-an ló ṣe gbogbo èyí o, kì í ṣe ọmọ tó kọ ọ́, torí ẹni tó kọ ọ́ mọ ibi tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tajà yìí ló kù, òun ló sì wúwo jù. Ní Bìrìtìkó, ìyẹn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1999 ni ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo sọ́fúwíà kan tó ń jẹ́ Horizon. Àwọn tó ń bójú tó ẹ̀ka kéékèèké fún wọn jẹ́ ọlọ́ṣọ́ọ̀bù bíi ti Ìjagun: wọ́n ń ta bisikíìtì àti ìwé ìròyìn lápá kan, wọ́n ń bá ará àdúgbò fi lẹ́tà ránṣẹ́ lápá kejì. Bílẹ̀ bá ti ṣú, Horizon á ní owó dín. Wọ́n wá owó náà tì. Àwọn kan yáwó dí i, àwọn kan ta ilé. Láàárín ọdún 1999 sí 2015, ó lé ní 900 èèyàn tí ilé-ẹjọ́ dá lẹ́bi olè àti ìṣirò èké, àwọn kan nínú wọn sì ṣẹ̀wọ̀n. Ẹnu kí wọ́n máa sọ pé ẹ̀rọ ló ń ṣìṣe, kò sẹ́ni tó gbọ́, torí pé ẹ̀rọ kì í purọ́ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn 555 nínú àwọn tó ń lo Horizon náà, tí Alan Bates ṣáájú, ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé-ẹjọ́. Lóṣù Kejìlá, ọdún 2019, adájọ́ là á mọ́lẹ̀ pé àṣìṣe wà nínú sọ́fúwíà náà. Ó tún di oṣù karùn-ún, ọdún 2024, kí àwọn aṣòfin tó ṣòfin tó pa ọ̀pọ̀ ìdálẹ́bi náà rẹ́. Àwọn kan ti kú kó tó dìgbà yẹn.

Nínú ṣọ́ọ̀bù ìyálọ́jà tí à ń sọ yìí, ọmọ iṣẹ́ kan wà lẹ́nu kọ̀ǹpútà. Lálẹ́ ọjọ́ kan, sọ́fúwíà á ní ₦38,000 ló yẹ kó wà nínú dúrọ́ọ̀, ₦34,500 ló sì wà níbẹ̀. Ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí ìyá náà lọ́kàn ni pé ọmọ yìí ti jí òun lówó. Ó lè jẹ́ lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó dá ọ̀dà padà láàárọ̀ gba owó ẹ̀, tí sọ́fúwíà náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ kúrò. Kò sí ọ̀nà tó máa fi mọ̀ bó bá ti ju ìwé ìṣirò àtijọ́ nù.

Ìdí nìyẹn tí ìwé kò fi gbọdọ̀ kúrò lórí tábìlì fún oṣù kan ó kéré tán. Ohun tí wọ́n bá tà, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ, kí wọ́n sì fi bírò kọ ọ́ sínú ìwé. Iṣẹ́ ìlọ́po méjì ni, àwọn ọmọ iṣẹ́ máa kùn, ìyá náà fúnra ẹ̀ á sì bínú pé ṣebí torí kóun lè sinmi lóun ṣe sanwó. Kó fara dà á. Lálaalẹ́, kí wọ́n gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí wọ́n bá yàtọ̀, kí wọ́n pe ọmọ tó kọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, kó wá fi ibi tí ìyàtọ̀ ti wọlé hàn wọ́n, kí ẹnikẹ́ni tó pe ẹnikẹ́ni lólè. Kí wọ́n sì máa da ohun tó wà nínú ẹ̀rọ sínú fláàṣì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó máa gbé e lọ sílé, kì í ṣe kó fi í sínú dúrọ́ọ̀ ṣọ́ọ̀bù níbi tí olè àti iná ti lè bá méjèèjì pọ̀. Orúkọ àwọn oníbàárà àti iye gbèsè wọn wà nínú fláàṣì yẹn o, òfin ààbò ìsọfúnni tí wọ́n buwọ́ lù lóṣù kẹfà, ọdún 2023 kò sì fàyè gba kí irú ẹ̀ máa já láàárín ìgboro.

Bí ìwé àti ẹ̀rọ bá bá ara wọn mu fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó tẹ̀ léra, kí ìyá náà san owó tó kù fún ọmọ ẹ̀, kó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ìwé yẹn, kó gbé e sínú àpótí.